Fọ́, Dá, Já, Là: Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Fífọ́ àti Lílà, àti Ìṣòro wọn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà tí nǹkan bá fọ́, tí ó dá, tí ó já, tí ó ya tàbí tí ó là. Olórí wọn ni "break". Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, "fọ́" ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn yóò sì dúró sí.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ni ní iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni a ń rí i nínú ìwé ìdánwò pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ "the rope has cut" tàbí "my mother is breaking firewood". Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, a ń rí ẹni tí ó túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tí ó kọ "ó fọ́ ìlérí rẹ̀" tàbí "wọ́n fọ́ òfin ìjọba". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ni olùkọ́ ọ̀la. Àwọn ni yóò ka ìròyìn lórí rédíò, àwọn náà ni wọn yóò sì pè ní ilé-ìwòsàn tàbí ní kóòtù pé kí wọ́n wá ṣe ògbufọ̀ fún àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣìṣe tí a bá fojú fò nínú kíláàsì yóò bá wọn dé ibẹ̀.

Èrò wa ni pé kì í ṣe àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń fa àṣìṣe yìí. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èdè méjèèjì gbà pín ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá a máa wo irú ohun tí ó fọ́ kí ó tó fún fífọ́ rẹ̀ lórúkọ. Gẹ̀ẹ́sì a máa wo bí ó ṣe fọ́, àti ipò tí ó wà lẹ́yìn tí ó fọ́ tán.

Ohun tí Yorùbá ń wò

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ohun líle tí ó ní ikùn, tàbí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ni í fọ́: ìkòkò, àwo, ife, dígí, ẹyin, orí. Òwe tí ó sọ pé ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ni yóò fọ́, kò lè lo ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn kí ó sì dùn létí. Ohun líle tí ó gùn ni í dá tàbí kí ó ṣẹ́: ọ̀pá, ẹ̀ka igi, apá, ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ó kúrò, bí ẹnu ọ̀bẹ tàbí eyín, a lè sọ pé ó kán. Ohun tí ó gùn ṣùgbọ́n tí ó rọ̀ ni í já: okùn, òwú, okùn bàtà. Ohun tí ó rọ̀ tí ó sì fẹ̀ ni í ya: aṣọ, ìwé, ewé. Ohun tí ó pín sí méjì lóòró, tí ó tẹ̀lé ojú ìlà tí ó ti wà lára rẹ̀, ni í là. A kò sọ pé ààlà wọ̀nyí le bí irin. Dá, ṣẹ́ àti kán máa ń wọ inú ara wọn, àdúgbò tí ènìyàn ti wá sì lè jẹ́ kí ó fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí yóò sọ pé okùn fọ́ tàbí pé ìkòkò já.

Igi nìkan tó láti fi èyí hàn. Obìnrin tí ó wọ oko, tí ó ń fi ọwọ́ kó ẹ̀ka gbígbẹ, igi ni ó ń ṣẹ́, aṣẹ́gi ni. Ẹni tí ó gbé àáké, tí ó ń la ìtì sí wẹ́wẹ́ fún àwọn olóúnjẹ, lagilagi ni à ń pè é. Ẹni tí ó gbé ayùn wọ igbó, tí igi ńlá sì ti ọwọ́ rẹ̀ wó lulẹ̀, agégi ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, orúkọ mẹ́ta ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ti àkọ́kọ́ ni "gather", ti èkejì ni "split" tàbí "chop", ti ẹ̀kẹta sì ni "cut down" tàbí "fell". Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ "my mother is breaking firewood" kò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá inú oko ni ìyá rẹ̀ wà tàbí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àáké lọ́wọ́.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wò

"Break" ni ó gbòòrò jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ bíbí Gẹ̀ẹ́sì ni. "Brecan" ni wọ́n ń pè é nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní ọdún 1066. Ọ̀pá, okùn, egungun, ìkòkò, gíláàsì àti ṣéènì ni wọ́n ń lò ó fún. Ohun tí Yorùbá pín sí fọ́, dá àti já, inú àpò kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì kó o sí. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo nǹkan ni àpò náà gbà. Aṣọ àti ìwé kì í "break". "Tear" ni tiwọn, "rip" sì ni bí wọ́n bá ya lójijì tàbí pẹ̀lú agbára. Táyà àti páìpù tí ohun inú wọn fún jù, "burst" ni, èyí tí àwa ń pè ní bíbẹ́. Níhìn-ín ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń wo irú ohun tí ó bàjẹ́ bí tiwa. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí a sọ lókè kò kúrò ní òótọ́, ṣùgbọ́n kò kárí.

"Break" tún ní ìwà kan tí fọ́ kò ní. Bí Òyìnbó bá ní "the watch is broken", ó lè jẹ́ pé gíláàsì aago náà ni ó fọ́, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ohun kan tí ó ṣe ara rẹ̀ àyàfi pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwa kì í pa méjèèjì pọ̀: aago tí ó fọ́ yàtọ̀ sí aago tí ó bàjẹ́. Ẹni tí yóò túmọ̀ gbólóhùn yìí gbọ́dọ̀ wádìí kí ó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ "break" ni ó ń sọ bí nǹkan ṣe fọ́. Ife tí ó "crack" ṣì wà ní odidi. Ìlà ni ó hàn lára rẹ̀, bóyá omi sì ń jò níbẹ̀. Yorùbá yóò ní ó sán, bí ó bá sì jẹ́ ògiri, ó lanu, bí òwe ògiri àti aláǹgbá ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó "crack" ẹ̀kùrọ́ kò fi ìlà sí i lára lásán, ó pa á, ó sì yọ ọmọ inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ "break palm kernels" kò ṣẹ̀ sí gírámà, àmọ́ "crack" ni ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ náà mu.

"Snap" ní ìró nínú. Ohun tí ó gùn tí ó sì tín-ín-rín ni, bí ẹ̀ka, pẹ́ńsùlù tàbí okùn, tí ó ṣẹ́ tàbí tí ó já lójijì. Ọ̀dọ̀ àwọn Dutch àti àwọn ará àríwá Jámánì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Kí ẹranko ki eyín bọ nǹkan wàrà ni ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí i pé kò bìkítà bóyá ohun náà le tàbí ó rọ̀, èyí tí àwa kò lè ṣe láìkọ́kọ́ wò ó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rí ìyàtọ̀ láàrin "shatter" àti "smash". Ohun tí "shatter" ń wò ni àbájáde: ohun líle náà fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó fọ́n ká. Ohun tí "smash" ń wò ni ìkọlù: ẹnìkan tàbí nǹkan kan fi agbára kàn án. Bí ooru bá mú kí gíláàsì fọ́ sí wẹ́wẹ́ láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, "shatter" ni. "Smash" kò bá a mu.

"Split" ni ó sún mọ́ là jù lọ. Ní nǹkan bí sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún ni ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì láti èdè Dutch, ọkọ̀ ojú omi tí àpáta là ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń lò ó fún. Ìlà ni ó ń wá: igi tí a là lóòró, ètè tí ọyẹ́ là, ṣòkòtò tí ojú rírán rẹ̀ tú. Aṣọ ni ṣòkòtò, a sì ti sọ pé "tear" ni ti aṣọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú rírán ni ó tẹ̀lé, "split" ni Òyìnbó yóò lò. Láti inú èyí ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní ọdún 1962, tí apá kan wà lẹ́yìn Awólọ́wọ̀, tí apá kan sì tẹ̀lé Akíntọ́lá, "split" ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá a mu. "Break up" ìbá ti sọ jù, nítorí ẹgbẹ́ náà kò tú ká nígbà náà. Ó pín sí méjì ni. Kí a tó kúrò lórí rẹ̀, "split" kì í yí padà fún ìgbà tí ó ti kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni "burst". "Splitted" àti "bursted" tí a ń rí nínú ìwé ìdánwò kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣèdánwò.

Ẹni tí ó bá ka èyí lè rò pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọrọ̀ tí Yorùbá kò ní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní ohun tí ó fi ń sọ bí nǹkan ṣe fọ́, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo kọ́ ni ó kó o sí. Ó gbá a fọ́, ó tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó jù ú mọ́lẹ̀ fọ́, ó fà á ya, ó fà á já: ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ sọ ohun tí ẹni náà ṣe, èyí tí ó gbẹ̀yìn sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà. Bí èyí kò bá sì tó, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ń bẹ: fọ́ yángá, rún wómúwómú, ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ẹni tí ó túmọ̀ "he smashed the plate" sí "ó fọ́ àwo náà" ti fi ìdajì sílẹ̀ sọ́hùn-ún. "Ó la àwo náà mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá" ni ó gbé ìbínú inú gbólóhùn náà wá.

Kí ló dé tí okùn kò lè "cut"?

Charles Fillmore, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1970 lórí gírámà lílù àti fífọ́. Ó ṣàkíyèsí pé ohun tí ó jẹ́ àbọ̀ fún "break" lè di olùwà rẹ̀. A lè sọ pé "John broke the stick", a sì lè sọ pé "the stick broke". "Hit" kò gba irú èyí; kò sí ẹni tí yóò sọ pé "the stick hit" kí ó sì túmọ̀ sí pé wọ́n lu ọ̀pá náà. Beth Levin, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1993, to àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Inú ọ̀wọ́ "break" ni "crack", "fracture", "shatter", "smash", "snap", "split" àti "tear" wà. Ó ya "cut" sọ́tọ̀.

Yorùbá bá "break" rìn dáadáa níhìn-ín. Adé fọ́ àwo, àwo fọ́. Adé ṣẹ́ ọ̀pá, ọ̀pá ṣẹ́. Adé ya aṣọ, aṣọ ya. Adé já okùn, okùn já. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó jẹ́ agbàbọ̀ ní apá kan, tí ó sì jẹ́ aláìgbàbọ̀ ní apá kejì. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ti fi "cut" rọ́pò já. Ó rí i pé ẹni tí ó já ewé, "cut" ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, ó wá gbé e lọ bá okùn bàtà rẹ̀ tí ó já lójú ọ̀nà: "my slippers have cut". Ṣùgbọ́n "cut" gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó gé nǹkan tàbí ohun mímú tí a fi gé e. Létí Òyìnbó, "the rope cut" dà bí ẹni pé okùn náà ni ó gé nǹkan mìíràn. "The rope broke" tàbí "the rope snapped" ni ó yẹ. Àyè kan wà tí "cut" ti máa ń jọ "break", bí ìgbà tí a bá sọ pé "this bread cuts easily", ṣùgbọ́n ìwà búrẹ́dì náà ni gbólóhùn yẹn ń sọ, kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀ Nàìjíríà nìyẹn, kí a fi wọ́n sílẹ̀. A gbà pé irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ní àyè tirẹ̀. "Break kola" ni gbogbo wa ń sọ, Chinua Achebe sì ti lò ó nínú Things Fall Apart ní ọdún 1958. Ìṣe àwọn Ígbò ni ó gbé wọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti jókòó. Bí a bá bi Yorùbá léèrè, a máa ń pa obì ni. Àmọ́ "the slippers have cut" kò tíì ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó kọ ọ́ nínú ìdánwò yóò rí àmì pupa, kì í sì í ṣe olùyẹ̀wò ni ó jẹ̀bi.

Nígbà tí kò sí ohun tí ó fọ́

Ibi tí Yorùbá wa ti ń fara pa jù ni ibi tí "break" kò ti tọ́ka sí ohun tí ojú rí. Òfin ni a ń rú, àdéhùn ni a ń yẹ̀, ìlérí ni a kì í mú ṣẹ. Ọkàn ni ó ń bàjẹ́. Ogun ni ó ń bẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń mọ́, ọkọ̀ ni ó ń kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹni tí ó gba ààwẹ̀ ni ó ń ṣínu. Gbogbo wọ̀nyí ni "break" nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ọ̀kan tí ó gba fọ́. Inú wa dùn pé àwọn oníròyìn kò túmọ̀ "breaking news" sí ìròyìn tí ó ń fọ́. Ìròyìn yàjóyàjó tí wọ́n ń pè é dára púpọ̀. Nígbà mìíràn èdè méjèèjì a máa pàdé, nítorí olè ń fọ́ ilé ní Ìbàdàn bí ó ti ń fọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìpàdé yìí kò gbọdọ̀ tàn wá jẹ. Orí tí ó ń fọ́ni kò "break", bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ kò ní "broken eye", "blind" ni.

Èyí tí ó léwu jù ni ti májẹ̀mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ pé "break" lè jẹ́ dá, tí ó sì pàdé "they broke the covenant", lè kọ ọ́ pé "wọ́n dá májẹ̀mú". Òdìkejì ohun tí ìwé sọ ni ó kọ yẹn, nítorí pé ẹni tí ó dá májẹ̀mú ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó rú u, ṣe ni ó da májẹ̀mú, láti ara dà, ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń di ti àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀, bí a ti ń rí i nínú "la igi". Láti ara rẹ̀ náà ni a ti rí ọ̀dàlẹ̀. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ẹni tí ó bura àti ẹni tí ó da ìbúra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlérí tí ó ṣẹ kì í ṣe èyí tí ó ṣẹ́. Àwọn tí ó ń tẹ ìwé láìfi àmì ohùn sí i, tí wọ́n ní òǹkàwé yóò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gbólóhùn méjèèjì yìí láìsí àmì kí a wò ó.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀. "Cleave" túmọ̀ sí là. Ọ̀bẹ ńlá tí alápatà fi ń la egungun ni "cleaver", bàtà ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tí ó là ni "cloven hoof", ọmọ tí a bí tí ètè rẹ̀ là ni ó ní "cleft lip". Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, nínú Jẹ́nẹ́sísì 2:24, "cleave" ni ohun tí ọkọ ń ṣe sí aya rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí ó fà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, "clēofan" àti "clifian" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ìró wọn ni ó para pọ̀ di ọ̀kan. Atúmọ̀-èdè tí kò bá wo ohun tí ó yí i ká lè tú ìgbéyàwó ká pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó so ó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ egungun

Ní ilé-ìwòsàn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti máàkì mọ́. "Fracture" ti inú èdè Látìn wá, láti ara "frangere", tí í ṣe fífọ́. Ẹbí rẹ̀ ni "fragment", "fragile" àti "fraction" tí a ń kọ́ nínú ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tí ó kàwé, gbà pé "fracture" kéré sí "break", wọn a sì máa sọ pé egungun náà kò dá, pé "fracture" lásán ni. Kò sí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ìlà tín-ín-rín tí fọ́tò X-ray fi hàn, "fracture" ni. Egungun tí ó dá sí méjì gbáko, "fracture" náà ni. Ògbufọ̀ tí ó bá sọ fún màmá àgbàlagbà kan pé egungun rẹ̀ kàn sán díẹ̀, tí kò fi kún un pé kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda, ó lè jẹ́ kí ohun tí ó sán di ohun tí ó dá kí ó tó dé ilé. "Compound fracture" tún wà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé egungun tí ó dá ní ọ̀nà púpọ̀ ni. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ibi tí egungun ti dá ní ojú ọgbẹ́, awọ ara ibẹ̀ ti ya, ìdọ̀tí sì lè wọlé. Èyí tí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè ní "comminuted".

Yorùbá kò tòṣì níhìn-ín rárá. Ẹsẹ̀ lè rọ́, oríkèé lè yẹ̀, egungun lè sán, ó lè dá tàbí kí ó ṣẹ́, ó sì lè fọ́. Nínú márààrún, èyí tí ó rọ́ àti èyí tí ó yẹ̀ kì í ṣe "fracture". "Sprain" àti "dislocation" ni wọ́n. Mẹ́ta tí ó kù ni "fracture", ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀ síra. Níwọ̀n bí Gẹ̀ẹ́sì ti pa mẹ́ta yìí pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ọwọ́ ògbufọ̀ ni ó kù sí láti bi dókítà léèrè èyí tí ó jẹ́ kí ó tó kọjú sí aláìsàn.